Orí Kẹta: Ṣé Iye Pátẹ́ńtì Lè Sọ Bí Àtinúdá Àgbègbè Kan Ṣe Tó?

Ní ọdún 1985, Godfrey Nzamujo, àlùfáà Kátólíìkì tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ní Ouando, ní ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni Songhaï, oko tó tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí ilẹ̀ náà ti ju hẹ́kítà 20 lọ. Oko wà níbẹ̀, adágún ẹja wà, ilé adìyẹ àti ti àparò wà, ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì wà. Ilé ẹ̀rọ sì wà tí àwọn alágbẹ̀dẹ àti awẹ́lídà ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí ń pa èkùrọ́, èyí tí ń bó ìrẹsì. Ní 1993, àjọ The Hunger Project fún Nzamujo ní ẹ̀bùn tó ń fún àwọn aṣáájú ní Áfíríkà. Ní 2008, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde Songhaï gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwòkọ́ṣe fún Áfíríkà. Ìpínlẹ̀ Delta àti ìpínlẹ̀ Rivers ní Nàìjíríà wo àpẹẹrẹ rẹ̀, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀.

Bí onímọ̀ ọrọ̀-ajé bá wá béèrè pé báwo ni àtinúdá Ouando ṣe tó, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lọ tí yóò gbà dáhùn ni kí ó ka iye pátẹ́ńtì tó ti ibẹ̀ jáde. Yóò ṣí àtẹ ìṣirò tí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ohun-ìní ọgbọ́n-orí, ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún láti Geneva. Àtẹ náà kì í kọjá orúkọ orílẹ̀-èdè. Ouando kò sí níbẹ̀, Àjàṣẹ́ pàápàá kò sí níbẹ̀. WIPO tún ń to ìlú 100 tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìhùmọ̀ ti gbilẹ̀ jù lọ láyé, ó sì ń lo àdírẹ́sì àwọn olùhùmọ̀ àti ti àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì. Títí di àtẹ ọdún 2024, kò sí ìlú kankan láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà nínú 100 náà.

Iye pátẹ́ńtì wúlò, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan kọjá nìkan ni iye náà ń kà. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe fẹ̀ tó, tí kò mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún, yóò fi òdo kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àgbègbè tó kún fún iṣẹ́ ọpọlọ, yóò sì gbà pé òtítọ́ ni òun kọ.

Ẹnu ọ̀nà náà

Nínú ìwé yìí, ìhùmọ̀ ni ohun tuntun tí ẹnì kan ronú kàn, tó sì lè ṣiṣẹ́. Àtinúdá gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó di àtinúdá nígbà tí ọgbọ́n tuntun bá ti wọ ọjà, oko tàbí ilé ìdáná, tí àwọn ènìyàn sì ń lò ó. Pátẹ́ńtì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Benin mọ̀ sí brevet, ni ìwé tó ń fún olùhùmọ̀ ní ẹ̀tọ́ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe ohun náà tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà púpọ̀ fún ogún ọdún. Olùhùmọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ bí ohun náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Nǹkan mẹ́ta ni òfin ń béèrè: kí ohun náà jẹ́ tuntun níbi gbogbo láyé, kí ó má jẹ́ ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú yóò rò kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì ṣeé ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́ tàbí lóko.

Benin kò ní ọ́fíìsì tirẹ̀ tó ń fọwọ́ sí pátẹ́ńtì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, ANaPI, lè gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n Yaoundé ní Cameroon ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i, ní OAPI, àjọ ohun-ìní ọgbọ́n-orí tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ ń lò. Àdéhùn Libreville ti ọdún 1962 ni ìpilẹ̀ àjọ yìí. Àdéhùn Bangui ti oṣù kẹta ọdún 1977 ló sọ ọ́ di OAPI. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀. Ìwé kan tí wọ́n bá fọwọ́ sí ní Yaoundé, ó ti múlẹ̀ ní Benin, Togo, Senegal àti gbogbo àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan náà.

Nàìjíríà kò sí nínú OAPI. Òfin pátẹ́ńtì tirẹ̀ ti ọdún 1970 ló ń tẹ̀ lé, Àbújá sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Nítorí náà, bí awẹ́lídà kan ní Ouando bá gba pátẹ́ńtì lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ààbò náà dé Dakar, ṣùgbọ́n kò dé Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà tí wọ́n lè wakọ̀ dé láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń wá ra ẹ̀rọ láti ìhà ibẹ̀ sì ni àwọn tó mọ èdè rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ irú gàrí tó ń jẹ. Ẹnubodè tí àwọn aláwọ̀ funfun là sí àárín wa ló ń pinnu bóyá ìwé náà tó owó tó máa ná an. Èyí nìkan tó láti mú kí ènìyàn pa ìwé tì, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń kà á

Jacob Schmookler ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1966, nínú èyí tó ti fi iye pátẹ́ńtì hàn pé ìhùmọ̀ máa ń pọ̀ sí i níbi tí ọjà bá ti ń béèrè fún un. Ní 1990, Zvi Griliches ṣe àgbéyẹ̀wò gbogbo iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó fa wọ́n mọ́ra kò ṣòro láti rí. Àkọsílẹ̀ pátẹ́ńtì ti pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ, ó ní àdírẹ́sì, ó ní ẹ̀ka iṣẹ́ tí ìhùmọ̀ náà jẹ mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn nípa àtinúdá tí ìjọba ti fi sùúrù kọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Griliches fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìhùmọ̀ ni òfin gbà láti fún ní pátẹ́ńtì, pé kì í ṣe gbogbo èyí tí òfin gbà ni ẹni tó ni ín ń lọ gba ìwé lé lórí, àti pé àwọn tó gba ìwé pàápàá, iyì wọn kò dọ́gba rárá. Láti yanjú ti ìkẹta yìí, Manuel Trajtenberg dábàá ní 1990 pé kí a má ṣe ka pátẹ́ńtì lásán, kí a máa wo iye ìgbà tí àwọn pátẹ́ńtì tó tẹ̀ lé e tọ́ka sí i. Ìyẹn ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán inú ara. Lórí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, kò sí ẹni tí yóò tọ́ka sí i, nítorí àwọn tó ń wò ó ṣe tiwọn kì í kọ ìwé sí ọ́fíìsì kankan.

Àdírẹ́sì ta ni?

Bí a bá fẹ́ ka pátẹ́ńtì fún orílẹ̀-èdè, ó rọrùn díẹ̀. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ sí àgbègbè, ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, àdírẹ́sì oríṣi méjì ló wà lórí pátẹ́ńtì: ti ẹni tó ni ín, tó sábà máa ń jẹ́ ilé-iṣẹ́, àti ti àwọn olùhùmọ̀. Bí a bá ka ti ẹni tó ni ín, olú-ìlú àti ibi tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi ṣe olú-ilé ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Bí a bá ka ti olùhùmọ̀, a ó súnmọ́ ibi tí ọpọlọ ti ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe jù lọ nípa ilẹ̀ wa. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn pátẹ́ńtì tí OAPI ti fọwọ́ sí láti ìgbà pípẹ́ wá, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló ni wọ́n: ilé-iṣẹ́ oògùn, ti epo rọ̀bì, ti tẹlifóònù. Gbogbo wọn ló múlẹ̀ ní Benin. Ẹni tó bá ka pátẹ́ńtì tó múlẹ̀ ní Benin ti ka ẹni tó fẹ́ dáàbò bo ọjà rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àtinúdá Benin gbọ́dọ̀ ka èyí tó ti Benin jáde, níbikíbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní pátẹ́ńtì kan ní olùhùmọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan ní Cotonou, ọ̀kan ní Ìbàdàn. Bí a bá ka odidi, ìlú kọ̀ọ̀kan gba 1, àpapọ̀ sì di 3 nígbà tó jẹ́ pé ìhùmọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Bí a bá pín in, ìlú kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́ta, àpapọ̀ sì pé 1. Pípín ni ó tọ́ nígbà tí a bá fẹ́ fi ìlú wé ìlú.

Lẹ́yìn náà ni pípín in fún iye ènìyàn. Ìkànìyàn ọdún 2013 rí ènìyàn 264,320 ní Porto-Novo. Ká ní ìlú náà ní pátẹ́ńtì kan lọ́dún kan: 1 ÷ 264,320 × 1,000,000 jẹ́ 3.8 fún mílíọ̀nù ènìyàn. Bí ó bá di méjì lọ́dún kejì, ó di 7.6. Bí kò bá sí kankan lọ́dún kẹta, ó di òdo. Ìròyìn kan lè gbé e jáde pé àtinúdá Àjàṣẹ́ di ìlọ́po méjì, kí ó tún sọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé ó kú pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé awẹ́lídà kan tàbí méjì péré ló rí owó ìforúkọsílẹ̀ san lọ́dún kejì, tí wọn kò rí i san lọ́dún kẹta. Fún àgbègbè tí iye rẹ̀ kéré, ẹ kó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá pọ̀ kí ẹ tó pín in.

Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà

Nǹkan mẹ́rin yìí ni wọ́n fi ṣe oògùn Niprisan fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìtàn rẹ̀ sì tó kí a dúró lé lórí. Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ògúnyalé, ẹni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ní ìmọ̀ àgbo náà, tí wọ́n ti ń lò nínú ẹbí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó bá NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń ṣe ìwádìí oògùn ní agbègbè Àbújá, ṣe àdéhùn, ó sì fi ìmọ̀ náà hàn wọ́n. Charles Wambebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ ọ́ di oògùn oníhóró tó ní ìwọ̀n. Ní 1998, Amẹ́ríkà fún un ní pátẹ́ńtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5,800,819. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Xechem ti ìpínlẹ̀ New Jersey gba àṣẹ láti máa ṣe é. Ní 2006, ó wọ ọjà Nàìjíríà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè tó fi lọ sí ilé-ẹjọ́ fún ààbò, oògùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó nílò rẹ̀.

Níbo ni a ó kọ pátẹ́ńtì yìí sí? Bí a bá tẹ̀ lé ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà ni. Bí a bá tẹ̀ lé ẹni tó ni ín, Àbújá ni. Òfin ìkà tí a bá yàn ló máa sọ bóyá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò rí ohunkóhun gbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ rẹ̀. Nínú àtẹ, ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀, ní 1998. Ọdún tí àwọn ọmọ tó ń jẹ̀rora egungun bẹ̀rẹ̀ sí í rí oògùn náà rà, àti ọdún tí wọn kò rí i rà mọ́, kò hàn nínú iye náà. Èmi gbà pé ọdún 2006 àti ọdún 2008 ṣe pàtàkì ju 1998 lọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ àtinúdá.

Ohun tí kì í dé ọ́fíìsì

Ẹ padà sí Ouando, kí ẹ wo ohun kan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n a kó ìfun àti ìdọ̀tí inú adìyẹ tí wọ́n pa sínú àwo gbàràmù, wọ́n a fi í sílẹ̀ fún eṣinṣin láti yé sí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìdin a ti kún un. Ìdin a máa sá fún ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kò ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí. Wọ́n a kó o fún ẹja àti fún àwọn ẹyẹ. Omi adágún ẹja a lọ sí oko ewébẹ̀, ìgbẹ́ ẹran a lọ sí kòtò gáàsì, ohun tó ṣẹ́kù nínú kòtò náà a di ajílẹ̀. Wọ́n ń lo òṣíbàtà àjèjì tó ń dí ojú odò ní gúúsù Benin náà fún irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní irú ètò yìí ń dín owó oúnjẹ ẹja kù, èyí tó máa ń jẹ ju gbogbo ìnáwó mìíràn lọ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sìn ẹja.

Ṣé ó lè gba pátẹ́ńtì? Ìdin kì í ṣe ohun tuntun, gáàsì láti inú ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ohun tó jẹ́ tuntun ni bí wọ́n ṣe so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó bá ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti àpò àgbẹ̀ Benin mu. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì pátẹ́ńtì yóò sọ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè rò ó kàn. Àgbẹ̀ tó ń jàǹfààní rẹ̀ kò ní bá a jiyàn, yóò sáà máa kó ẹja rẹ̀ lọ sí ọjà Ouando.

Ọ̀rọ̀ kan tún ju ìyẹn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ni Songhaï. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n lọ ṣe é ní abúlé wọn. Ohun tí a bá ti fi han gbogbo ènìyàn kò jẹ́ tuntun mọ́ lójú òfin. Bí ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni iye pátẹ́ńtì rẹ̀ yóò ṣe máa kéré tó. Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti kùnà jù lọ nìyí, nítorí ó ń fi ìyà jẹ ìtànkálẹ̀ ìmọ̀, tó jẹ́ ohun tí àgbègbè tálákà nílò jù.

Ìwé-ẹ̀rí kan sì wà tó yẹ àwọn awẹ́lídà Ouando ju pátẹ́ńtì lọ. OAPI ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí àwòṣe ìlò, fún irinṣẹ́ tàbí apá ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe kí ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ọdún mẹ́wàá ló ń lò. Àwọn ará Jámánì ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1891, nítorí wọ́n mọ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ kékeré kì í ṣe ilé-iṣẹ́ Siemens. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ń ka pátẹ́ńtì ló yọ ìwé-ẹ̀rí yìí sílẹ̀. Wọ́n tún yọ àmì ìbílẹ̀ ọjà, tó ń fi ibi tí ọjà ti wá hàn, sílẹ̀, irú èyí tí OAPI fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti òkè pẹ̀tẹ́lẹ̀ Allada ní 2021.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Áfíríkà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Petra Moser wo àwọn ohun tí wọ́n kó wá sí ìpàtẹ ńlá ti London ní 1851. Nínú ohun 100 tí àwọn ará Britain pàtẹ, bíi 11 péré ló ní pátẹ́ńtì. Switzerland kò ní òfin pátẹ́ńtì rárá nígbà náà, síbẹ̀ ohun tí wọ́n kó wá pọ̀, ó sì dára. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Wesley Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ilé-iṣẹ́ léèrè ní 1994 bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọgbọ́n wọn, èyí tó pọ̀ jù sọ pé bíbo àṣírí àti títètè dé ọjà ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn ju pátẹ́ńtì lọ. Àwọn oníṣẹ́ oògùn wà lára àwọn díẹ̀ tí pátẹ́ńtì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún.

Nígbà tí iye di ohun tí ìjọba ń lé

Ní 1999, ìlú Shanghai bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ran ẹni tó bá forúkọ pátẹ́ńtì sílẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ẹkùn yòókù ní China tẹ̀ lé e. Iye ìwé ìbéèrè ga sókè. Ní 2023, ọ́fíìsì China nìkan gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.68 nínú mílíọ̀nù 3.55 tí wọ́n kọ ní gbogbo ayé. Kò sí àní-àní pé ilẹ̀ náà ti ní ìlọsíwájú gidi. Ṣùgbọ́n ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ ìwé wà tí wọ́n kọ torí owó, ó sì kéde ní 2021 pé gbogbo owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dópin kí 2025 tó parí. Bí ìjọba kan ní ilẹ̀ wa bá ń gbèrò láti fi iye pátẹ́ńtì pín owó fún ìlú tàbí yunifásítì, kí ó kọ́kọ́ ka ìtàn yìí.

Bí a ó ṣe ka Ouando

Ẹni tó bá fẹ́ wọn àtinúdá níbẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ìròyìn OAPI, níbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì jáde. Kí ó ka pátẹ́ńtì àti àwòṣe ìlò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lo àdírẹ́sì olùhùmọ̀, kí ó pín in, kí ó kó ọdún mẹ́wàá pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó jáde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Kí ó lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù awẹ́lídà, kí ó béèrè irú ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe báyìí, ẹni tó kọ́kọ́ béèrè fún un, ohun tí wọ́n yí padà lẹ́yìn tí oníbàárà dá a padà, àti iye ṣọ́ọ̀bù tó ti wò ó ṣe. Ìwé Oslo, ìtọ́nisọ́nà lórí wíwọn àtinúdá tí àjọ OECD kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1992, fi ọwọ́ sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: àtinúdá lè jẹ́ tuntun fún ilé-iṣẹ́ tàbí fún ọjà kan, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tuntun fún ayé. Iye méjèèjì ni kí ó kọ sínú àtẹ kan náà, ti ọ́fíìsì àti ti ṣọ́ọ̀bù. Àlàfo tó bá wà láàárín wọn ni ó yẹ kí ó ṣàlàyé.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Pátẹ́ńtì kan ní olùhùmọ̀ mẹ́rin: méjì ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan ní Parakou, ọ̀kan ní Lomé. Ẹ ṣírò ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan yóò gbà bí a bá ka odidi fún ìlú kọ̀ọ̀kan, àti bí a bá pín in.

2. Ẹ kọ ojú ìwé kan: tí ẹ bá jẹ́ amòfin fún Ẹni-ọ̀wọ̀ Ògúnyalé kí ó tó fi àgbo rẹ̀ han ilé-iṣẹ́ ìwádìí, kí ni ẹ ó ní kí wọ́n kọ sínú àdéhùn, kí ni ẹ ó sì fẹ́ kí wọ́n kọ sórí pátẹ́ńtì?

3. Ẹ yan ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò yín. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó fi ibi tó ti yí i padà hàn yín, kí ẹ sì fi ohun mẹ́ta tí òfin ń béèrè yẹ ìyípadà náà wò. Bí kò bá yẹ fún pátẹ́ńtì, ṣé ó yẹ fún àwòṣe ìlò? Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ ìwé kankan, kí ẹ sì kọ ìdí tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.